Wọ́n Ní Ọmọ Mi Pupa

Láti ọjọ́ kẹta tí mo bí àkọ́bí mi ni àwọn èèyàn ti ń yin àwọ̀ rẹ̀. "Ọmọ yìí mà pupa o!" Kò sẹ́ni tó wọlé wá kí wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, tí kò sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn láti bá mi wẹ ọmọ, ní bàbá àwọn ló fi àwọ̀ jọ, pé Òyìnbó ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà nígbà ayé wọn. Inú mi dùn. Èmi dúdú, bàbá ọmọ dúdú, Ọlọ́run wá fún wa ní ọmọ pupa.

Wọ́n tún yìn ín pé kì í yọni lẹ́nu. Tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á sùn. Tí mo bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, oorun á tún gbé e lọ. Màmá ní, "Ìyàwó mi, o ríre o. Ọkọ rẹ ò jẹ́ kí n fojú kan oorun fún oṣù mẹ́ta gbáko." Mo dúpẹ́, torí ara ṣì ń ro mí, oorun sì ń kùn mí.

Ọmọ tó pupa, tó tún ń sùn dáadáa. Ìyìn ni méjèèjì nílẹ̀ wa. Lára ọmọ mi, àìsàn ni méjèèjì.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ BCG ní ibùdó ìlera ìjọba tó wà ládùúgbò wa, torí wọn ò rí i fún un níbi tí mo bí i sí. Mátíróònù àgbàlagbà kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kò tiẹ̀ mú abẹ́rẹ́. Ó gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò tẹ ṣóńṣó imú rẹ̀ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ojú ibẹ̀. Ó tẹ àyà rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá rọra la ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ìkókó, láti ìgbà wo ni ojú ọmọ yìí ti pọ́n báyìí?"

N ò tíì rí ẹyinjú ọmọ mi nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán rí. Oorun ló ń sùn ṣáá, kọ́tìnì sì bo fèrèsé yàrá wa kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i. Funfun ojú rẹ̀ ti dà bí ìyeyè tó pọ́n. Ibà pọ́njú. Mo gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn láti kékeré, ó sì ti sọ ibi tó yẹ kéèyàn wò: ojú. Ara ọmọ ni gbogbo wa ń wò, tí a ń pè é ní pupa.

Mátíróònù yẹn ò jẹ́ ká yà sílé. Ó kọ lẹ́tà lé wa lọ́wọ́, ó ní ká gba ọsibítù ńlá lọ lójú ẹsẹ̀, kí n máa fún un lọ́mú nínú ọkọ̀. Títí dòní, tí mo bá ń gbàdúrà, mo máa ń dárúkọ obìnrin yẹn.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Bilirubin rẹ̀ jẹ́ 22. N ò mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́, àmọ́ mo rí bí dókítà ṣe dìde lórí àga. Wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ, wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì ní kí ọkọ mi sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ojú ìdodo rẹ̀, wọ́n ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Ó gbà wọ́n ní wákàtí púpọ̀. Orí ìdúró ni mo wà ní gbogbo àkókò yẹn.

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kejì. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kì í pẹ́ kú. Tó bá kú, nǹkan aláwọ̀ ìyeyè kan ló máa ń kù nílẹ̀, òun ni bilirubin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa pa á dà kó lè bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì mọ iṣẹ́ náà ṣe dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ara ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń pọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí á sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí kì í pa ọmọ lára. Àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ, bilirubin á wọ ọpọlọ. Ó lè di ọmọ létí. Ó lè jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ títí ayé. Ó lè pa á.

Ó wá bi wá pé, "Ṣé ẹ fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ ni?"

Èmi àti Màmá wo ara wa.

Wọ́n ti kó aṣọ wá láti Ìsẹ́yìn: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, àti ṣọ́ọ̀lì funfun tí wọ́n fi gbé ọkọ mi àti gbogbo àbúrò rẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìkómọ wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí aṣọ wọ̀nyẹn ti wà nínú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú káńfọ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. Tayọ̀tayọ̀ ni Màmá fi tú wọn fún mi. Òórùn wọn pàápàá dùn mọ́ mi, àpótí ìyá mi àgbà ló rán mi létí. Ọjọ́ tí a délé láti ibi tí mo bímọ sí ni mo ti fi ṣọ́ọ̀lì yẹn wé ọmọ, lẹ́yìn tí a ti fi òróró pa á lára. Dókítà ní òróró gan-an ń jẹ́ kí awọ ara tètè fa káńfọ̀ wọlé, ọmọ sì tún ń fa òórùn rẹ̀ símú.

Káńfọ̀ funfun roboto tí wọ́n ń tà lọ́jà, naphthalene ni púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń ṣe báyìí. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tó. Ara wọn á le koko, wọn ò ní mọ̀, títí dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá pàdé káńfọ̀, tàbí àwọn oògùn kan, tàbí àìsàn tó lágbára. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì á máa fọ́ yángá. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ọkùnrin bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀. Ibà ẹ̀fọn ló fà á tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn níbí gan-an ni Lucio Luzzatto, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, èyí tí G6PD rẹ̀ tó àti èyí tí tirẹ̀ kò tó, wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1969: sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ tó ni kòkòrò ibà pọ̀ sí jù. Ohun tó ń bá wa lé ibà ló fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ èyí tó kàn. N ò bá Màmá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, wọ́n ṣí gèlè, wọ́n ń sunkún pé, "Ṣé èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa Àkànní?" Mo gbọ́, mo sì kọjá lára wọn. Ọjọ́ kejì ni mo bi dókítà pé kí ló dé tí àpótí kan náà ò ṣe ọmọ márààrún tí Màmá bí ní nǹkan kan. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀jẹ̀ yìí, kì í wá láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Èmi náà ni irú àwọn obìnrin oní-sẹ́ẹ̀lì-méjì yẹn. Mo padà sí kọ́rídọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, a jọ sunkún.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé àbúrò mi obìnrin máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí irú páńpá tó dáa jù àti iye báàfù tó yẹ kóun rà. Ìyá kan náà ló bí wa. Bóyá òun náà gbé e, bóyá kò gbé e. Àmọ́ ọ̀rọ̀ páńpá ló gbẹ̀yìn nínú ohun tí mo kọ sí i.

Mo ní kó kó gbogbo káńfọ̀ kúrò nílé, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo rẹ̀, kó tó bímọ. Aṣọ tó bá ti bá káńfọ̀ gbé pọ̀, kó má wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun rárá. Fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í mú un kúrò. Aṣọ mẹ́rin péré tí a fi ọṣẹ lásán fọ̀, tí a sá, tí a sì lọ̀, tó ọmọ. Kó wá ṣọ́ra fún ọjọ́ ìkómọ, ibi tí ọ̀pọ̀ kì í fọkàn sí nìyí. Ọjọ́ yẹn ni aṣọ òkè àti léèsì gbogbo ẹbí ń jáde láti inú àpótí, tí wọ́n á sì máa gba ọmọ látọwọ́ dé ọwọ́, imú rẹ̀ á wà láyà aṣọ. Bàbá ọmọ ni kó sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n má bàa pe ìyàwó ní aláfojúdi. Róòbù àti gbogbo ìpara tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí pẹ̀lú, ẹ má fi pa ọmọ lára.

Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣí kọ́tìnì, ẹ gbé ọmọ lọ sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ tẹ imú rẹ̀, ẹ wo funfun ojú rẹ̀, ẹ wo èrìgì rẹ̀. Iná mànàmáná máa ń tanni jẹ. Tó bá pọ́n kó tó pé wákàtí 24 láyé, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Tó bá pọ́n dé itan àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò fẹ́ mú ọmú, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí igbe rẹ̀ ń dún tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń tẹ ẹ̀yìn kọ́dọrọ bí ọrun, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Wọ́n máa ní kí ẹ gbé e sóòrùn àárọ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Lóòótọ́, àwọn dókítà ti lo oòrùn ní Èkó, Bọ́lájókò Olúsànyà wà lára wọn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Àmọ́ abẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí, ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò, àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná tó, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ̀hìnkùlé wa ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí oòrùn ẹ̀hìnkùlé máa ń ṣe jù ni pé á jẹ́ kí èèyàn rò pé òun ti ń tọ́jú ọmọ, ọjọ́ á sì máa lọ. Omi gúlúkóòsì, omi ìbẹ́pẹ, ampicillin tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, kò sí èyí tó ń lé bilirubin jáde. Ọmú ni, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí lẹ́ẹ̀méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Tó bá ń sùn, ẹ jí i. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi nǹkan tútù díẹ̀ kàn án lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, ó yẹ kó máa tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́.

Àwọn ìbẹ̀rù yòókù tó kọ sí mi, wéré ni mo dá a lóhùn. Ìwọ́: jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni kó fi sí i lójoojúmọ́ títí á fi já, kó má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, kó má sì jẹ́ kí jẹ́ẹ̀lì náà kan ojú ọmọ láé, torí ó lè ba ojú jẹ́. Omi mímu: kó má fún un títí á fi pé oṣù mẹ́fà, bí ooru ti wù kó mú tó. Ibà: tó bá pé 38 lórí tẹmómítà tí ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kó má lo oògùn nílé. Jẹnẹrétọ̀: kó jìnnà sí fèrèsé, má gbé e sí bárándà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fi fóònù sọ fún un, torí kò ṣeé kọ. Lẹ́yìn tí a padà délé, oṣù méjì ni mo fi ń jí lóru láti fi iná fóònù wo ojú ọmọ. N kì í jẹun. Mo gbà pé n ò yẹ ní ìyá. Ọkọ mi ló sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì níbi tí a ti lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì sì fi mí hàn dókítà. Mo ní kó sọ fún ọkọ rẹ̀ nísinsìnyí pé tóun bá ń ṣe báyẹn, kó má pè é ní àárẹ̀ lásán.

Nígbà tí Àkànní pé oṣù mẹ́ta, wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ó ń gbọ́ dáadáa. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí, ó sì dúdú bíi bàbá rẹ̀. Gbogbo dókítà tó bá fẹ́ kọ oògùn fún un ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ G6PD fún kó tó mú bírò.

Màmá ti da káńfọ̀ inú àpótí wọn nù. Ní Ìsẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni bá bímọ ládùúgbò, wọ́n á kó ẹ̀wù lọ kí i, wọ́n á gba ọmọ, wọ́n á ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn."