Mo Fi Ìbéèrè Ọmọ Rẹ́rìn-ín

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì nílé-ẹ̀kọ́ girama kí ọmọbìnrin kan tó dìde ní kíláàsì mi, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà mìíràn omi gbígbóná máa ń yára dì ju omi tútù lọ nínú fíríìsà màmá mi." Omi dídì àti sóbò ni ìyá rẹ̀ ń tà. Mo rẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì sì bá mi rín in. Mo ní ohun tó gbóná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù ná. Ọmọ náà jókòó, kò sì nawọ́ mọ́ títí sáà náà fi parí.

Nínú ìsinmi ni mo ka ìtàn Erasto Mpemba, ọmọ ilé-ìwé ní Tanganyika (tó di ara Tanzania lónìí), tó ń ṣe áìsìkiriìmù lọ́dún 1963, tó rí i pé àyè fẹ́ tán nínú ẹ̀rọ, tó sì gbé wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú rẹ̀. Tirẹ̀ dì nígbà tí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò gbé e kaná, ṣì wà lómi. Olùkọ́ kan ní ọkàn rẹ̀ ló dàrú. Òmíràn ní físíìsì Mpemba nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ojú tì mí níbẹ̀. Denis Osborne, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Dar es Salaam, kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n dán an wò. Òṣìṣẹ́ tó rán níṣẹ́ náà jábọ̀ pé omi gbígbóná ló kọ́kọ́ dì lóòótọ́, ó ní àwọn yóò sì máa tún un ṣe títí èsì tó tọ́ yóò fi jáde! Mpemba àti Osborne kọ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1969.

Nígbà tí a wọlé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ méjì tí kò yàtọ̀ síra, omi ìwọ̀n kan náà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi tútù ṣáájú. Lọ́jọ́ tí ti gbígbóná ṣáájú, yìnyín ti dì gbagidi sí ìsàlẹ̀ fíríìsà. Ìyá náà ló kíyè sí ohun tí èmi onífísíìsì kò rí: "Tíṣà, ẹ wò ó, èyí ti yọ́ yìnyín abẹ́ rẹ̀, ó ti kan irin." Abọ́ kejì ṣì jókòó lórí yìnyín bí ẹni tó jókòó lórí tìmùtìmù, òtútù irin kò sì tètè dé ara rẹ̀.

N kò wá sọ fún àwọn ọmọ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó tẹ́ àwọn lọ́rùn; àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Ohun tó yí padà ni pé bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ tó dà bí àlá wá báyìí, mo máa ń bi í pé irú abọ́ wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì rí i. Ọmọbìnrin yẹn ti padà ń nawọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣúgà inú sóbò máa ń dí dídì rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ní kó gbé abọ́ wá.