Kí Ọwọ́ Tó Wọ Ìbọ̀wọ́

Ọmọ ọdún 14 kan wọ jíìmù ẹ̀ṣẹ́ wa wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní gúúsù London níbí, ojú ọ̀tún rẹ̀ wú. Mo bi í pé, “Ta ló ṣe ọ́ báyìí? Ṣé o ti jẹun?” Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé kí n má bá òun sọ èdè yẹn níbí. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí fún ẹ̀yin tó fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ tọ́ ọmọ sọ́nà.

Nílé, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òbí nìkan. Ìyá alákàrà á bi í, bàbá tó ń lẹ táyà á bi í, kí ó tó délé, ẹjọ́ rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Níbí, ọmọ lè fi ojú wíwú rìn láti Peckham dé Camberwell kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè. Àlàfo yẹn ni jíìmù ẹ̀ṣẹ́ ń dí, bí àgbàlagbà kan náà bá ń dúró de ọmọ níbi kan náà, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn òbí máa ń fa ọmọ lé wa lọ́wọ́ pé ká bá àwọn nà án kí orí rẹ̀ lè pé. Ẹ jọ̀wọ́, èyí tí wọ́n ti nà á tẹ́lẹ̀ ti tó.

Báńdéèjì, aṣọ tí à ń wé mọ́ ọwọ́ kí ó tó wọ ìbọ̀wọ́, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mítà 4.5 ni ti àgbà, mítà 2.5 tó fún ọwọ́ kékeré. Kí ọmọ ya ìka rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá pa wọ́n pọ̀, báńdéèjì á há nígbà tó bá di ẹ̀ṣẹ́, ìka á sì kú tipiri. Ẹ fi ihò etí báńdéèjì kọ́ àtàǹpàkò, ẹ gba ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ẹ yí ọrùn ọwọ́ po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ yí oríkèé ìka po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó padà wá parí rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ tí kò bá le á yẹ̀ lára àpò ẹ̀ṣẹ́. Egungun tó máa ń kán ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ìka ọmọńdinrín, torí pé ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lu nǹkan, kò ní fi oríkèé méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lù ú.

Ọwọ́ kan ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọwọ́ ọmọ wà lọ́wọ́ yín, báńdéèjì ni ẹ jọ ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ẹ má bi í bóyá ó ń gbé ọ̀bẹ. Ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló gbà wá. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tó wọ bọ́ọ̀sì méjì kó má baà gba àdúgbò kan kọjá, ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ̀rù ló ń ba á, ẹ̀rù yẹn náà ló ń mú ọ̀pọ̀ wọn ki ọ̀bẹ sápò.

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000, Damilola Taylor jáde ní ilé ìkàwé Peckham, kò tíì tó aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún 10 ni, oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ló dé láti Èkó. Kò délé. Orí àtẹ̀gùn ni ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, ó sì kú. Àwọn méjì tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀ ní 2006, ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá rántí, mi ò lè fara mọ́ jíìmù àwọn èwe tó ń ṣílẹ̀kùn ní aago méje alẹ́. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni kó ṣí, bí ilé ìwé bá ṣe ń pa dé. Kí búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú, torí ọmọ tí kò jẹun ni òòyì ń kọ́ ní ráùndì kẹta.

Bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ń lọ nìyí: okùn fífò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bíbá afẹ́fẹ́ jà ráùndì mẹ́ta, àpò ẹ̀ṣẹ́ ráùndì mẹ́rin, páàdì tí olùkọ́ ń fi ọwọ́ gbé kí ọmọ máa lù ú, ráùndì méjì. Ìṣẹ́jú méjì ni ráùndì kan, ìsinmi ìṣẹ́jú kan. Fún ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, kò sí ìjà ìdánrawò rárá: ẹni tí wọ́n bá lù lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó parí síbẹ̀, ìta ni yóò gbé e lọ. Bí ọmọ bá fi orí gba nǹkan, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, eré ti tán lọ́jọ́ náà, kí òbí sì gbọ́. Bí ó bá bì, ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tó bá jà nígboro, ẹ má lé e. Ilé ìwé ti lé e, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń léni. Ẹ gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kó máa wá, kó máa di aago mú fún àwọn yòókù.

Anthony Joshua, akànṣẹ́ ọmọ Ṣágámù, ni gbogbo òbí ń tọ́ka sí. Ní Finchley, ní àríwá London, ní 2007, ló bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ní 2011 ni ọlọ́pàá ká igbó mọ́ ọn lọ́wọ́, adájọ́ ní kó fi wákàtí 100 ṣiṣẹ́ ìlú, wọ́n sì dá a dúró nínú ẹgbẹ́ akànṣẹ́ ilẹ̀ Britain kó tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 2012. Ó ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí olùtọ́nisọ́nà fi gbọ́dọ̀ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá wá fún oṣù kan tó pòórá sàn kó má wá, torí ọmọ á kà á mọ́ àwọn tó ti já a sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní, ẹ sọ fún un pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ máa sọ̀rọ̀ síta. Ẹ má ṣèlérí àṣírí tí ẹ ò ní lè pa mọ́.

Lórí páàdì, Yorùbá ni a fi ń pe ẹ̀ṣẹ́: ọwọ́ òsì tààrà ni ení, ọ̀tún tààrà ni èjì, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni ẹ̀ta. Ọmọ Jàmáíkà ń pè é, ọmọ Gánà ń pè é. Ọmọ ọdún 14 yẹn dákẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ń ka á tẹ̀lé wọn lábẹ́ èémí. Ó ń pe ẹ̀ta bí ẹni ń pe ẹtà, ẹran inú igbó. Mi ò tíì tún un ṣe.