Èrè Tí Ó Wà Nínú Kí Ẹnu Máa Yà Wá Lójoojúmọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ìlú Ọ̀yọ́ ló gbà pé ohun tí í ya ènìyàn lẹ́nu kò sí nítòsí. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ rí ìyanu, a ó ní kí ó lọ sí Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tàbí kí ó gun òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dubai bí agbára rẹ̀ bá gbé e. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ẹni tí kò rówó ọkọ̀ kì í ṣe aláìní nínú ọ̀rọ̀ yìí, àti pé èrè tí ń bẹ nínú kí ẹnu ya ènìyàn, kí orí rẹ̀ wú, kí ó sì gbàgbé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wà ní àdúgbò, ó wà lọ́jà, ó sì wà lórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀ láìgbójú sókè.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Dacher Keltner àti Jonathan Haidt, kọ ìwé ìwádìí kan lórí irú ìyàlẹ́nu báyìí. Wọ́n ní nǹkan méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́ tóbi jù wá lọ. Kì í ṣe títóbi ní ìdúró nìkan, ó lè jẹ́ ní agbára, ní ọjọ́ orí, ní ọgbọ́n ọwọ́ tàbí ní ìwà. Èkejì ni pé òye tí a ní tẹ́lẹ̀ kò gba ohun náà, tí ó fi di dandan kí a sún èrò wa síwá sẹ́yìn kí àyè tó lè gbà á. Mo fẹ́ràn èkejì yìí gan-an, nítorí òun ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún ohun kékeré láti ya àgbàlagbà lẹ́nu.

Ẹ wo ẹyẹ ẹ̀ga. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n jù lọ ló máa ń sọ ọ́ ní òkò, nítorí ariwo rẹ̀ àti nítorí imọ̀ ọ̀pẹ tí ó ń ya títí igi yóò fi dà bí ẹni tí a fá lórí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró wò ó nígbà tí ó bá ń hun ilé. Akọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Yóò fi ẹnu gé ẹ̀gbẹ́ kan ewé ọ̀pẹ, yóò fò, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yóò sì ya tẹ̀ lé e. Òrùka ni yóò kọ́kọ́ hun, yóò wá dúró sínú òrùka náà, yóò sì máa hun ilé yí ara rẹ̀ ká, bí ẹnu rẹ̀ ti gùn mọ ni ilé náà yóò ti fẹ̀ mọ. Yóò ti ọ̀já bọ inú, yóò fà á jáde níhà kejì, yóò sì so ó ní kókó tí ẹ̀fúùfù kò lè tú. Ẹnu ọ̀nà ilé náà á kọjú sílẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, yóò dorí kodò síbẹ̀, yóò máa gbọn apá méjèèjì láti pe abo. Abo yóò wọlé, yóò fi ẹnu fa ibí, yóò fa ọ̀hún, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Bí ilé náà bá sì gbẹ kí abo kankan tó gbà á, akọ yóò tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì fi ewé tútù hun òmíràn. Àwọn tí wọ́n ti sìn ín láti mọ ìwà rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ akọ máa ń hun ìhunkúhun lọ́pọ̀ ìgbà kí iṣẹ́ náà tó mọ́ wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òfì. Nígbà tí mo kà á ni mo mọ̀ pé ohun tí mo ń wò láti kékeré, n kò rí i rárá.

Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo bá dúró lábẹ́ ọ̀pẹ náà ni pé ọ̀ràn owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ti ẹni tó sọ̀rọ̀ sí mi láìdáa lánàá àti ti iṣẹ́ tí mi ò tíì parí á fà sẹ́yìn. Wọn kò tán, ṣùgbọ́n wọn kò gba gbogbo ojú mi mọ́. Àwọn olùwádìí ti fi ojú ara wọn rí nǹkan tó jọ èyí. Ní ọdún 2015, Paul Piff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí abẹ́ àwọn igi yúkálíptọ́ọ̀sì gíga fíofío tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, wọ́n ní kí wọ́n gbójú sókè wo igi náà fún ìṣẹ́jú kan péré. Àwọn kan dúró síbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé gíga kan tó wà nítòsí ni wọ́n ní kí wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá kọjá, tí ó ṣe bí ẹni tí àpótí bírò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wo igi ló bá a ṣa bírò jù. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi gbójú sókè o! Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe ni pé ohun ńlá tí ènìyàn rí máa ń dín bí ó ti ń wo ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pàtàkì kù, àyè ẹlòmíràn á sì fẹ̀ sí i lọ́kàn rẹ̀. Nínú gbogbo èrè tí a lè kà sílẹ̀, òun ni mo fi ṣe olórí, nítorí mo ti rí i pé ìdajì wàhálà tí ń bá ọkàn wa jà ni ti pé a kò lè gbé ojú kúrò lára ara wa.

Èrè mìíràn jẹ mọ́ àkókò. Ìwádìí kan tí Melanie Rudd àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé jáde ní 2012 fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi ohun tó ń yani lẹ́nu hàn máa ń rò pé àkókò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn kì í kánjú, ó sì máa ń yá wọn lára láti fi àkókò wọn ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí gbólóhùn “àyè ò sí” ti ń jáde lẹ́nu wa tó lójúmọ́.

Ti ara náà wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ kí a rọra sọ ọ́. Ní 2015, Jennifer Stellar àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí i pé àwọn tí irú ìyàlẹ́nu yìí máa ń bá lóòrèkóòrè ní ìwọ̀nba èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-6 lára. Ara ló ń pèsè èròjà náà nígbà tí ó bá ń bá àrùn tàbí ọgbẹ́ jà, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù tí ó sì pẹ́ jù, ó máa ń bá àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà rìn. Ìwádìí náà kò fi hàn bóyá ìyàlẹ́nu ló dín èròjà náà kù, tàbí bóyá ẹni tí ara rẹ̀ le ni ohun rere máa ń yà lẹ́nu. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹyẹ ẹ̀ga fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un sílẹ̀. N kò sì fẹ́ kí a sọ nǹkan yìí di egbòogi tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀kan lálẹ́. Ẹni tí ó bá ń wo ìyanu nítorí kí ara rẹ̀ lè le, ara rẹ̀ náà ló ṣì ń wò.

Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojú ọ̀run sì mọ́, tí wọ́n wá mú iná lọ lálẹ́, ẹ jáde síta kí ẹ wo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Sirius. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí lójú yẹn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta lónìí, a kò tíì bí i tàbí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni nígbà náà.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, àwa ará Ọ̀yọ́ kò ní àwíjàre kankan. Ìlú àwọn onígbá fínfín ni ìlú wa. Bàbá kan wà tí mo máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí itan àti ọ̀bẹ kékeré tí etí rẹ̀ ti jẹ tán. Kò fi rúlà wọn nǹkan, kò sì fi pẹ́ńsù fa ìlà kankan sílẹ̀. Yóò ti ọ̀bẹ bọ ara igbá, yóò máa yí igbá náà, kì í yí ọ̀bẹ, ìlà náà yóò sì rìn yípo títí yóò fi padà pàdé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láìfi ìwọ̀n irun kan yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ha àárín ìlà, tí funfun yóò máa yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìlà méjèèjì yóò pàdé?”

“Oo, ọmọ mi. Kí n tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ ni mo ti rí i pé wọ́n pàdé.”

Mo ti ra igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wíwò tí mo wo ọwọ́ rẹ̀ níyì lójú mi ju igbá náà lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe igi, ìràwọ̀ tàbí iṣẹ́ ọnà ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù lọ káàkiri ayé. Keltner àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba ìtàn jọ láti orílẹ̀-èdè 26, wọ́n sì rí i pé ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ìtàn wọ̀nyí ni ìwà rere ẹlòmíràn: ìgboyà, inú rere, ìfaradà. Kò yà mí lẹ́nu. Lọ́jà Akẹ̀sán, mo mọ ìyá aláta kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó sí ìsọ̀ kan náà lọ bímọ, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá yìí ń pàtẹ ọjà àwọn méjèèjì. Àpò owó méjì ló so mọ́ ìdí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo ra ata, mo na owó sí i, ó sì dá ọwọ́ mi dúró díẹ̀ kí ó tó ṣí àpò òsì, ó ní, “Ti ọ̀rẹ́ mi lẹ rà yẹn, ẹ jẹ́ n fi síbi owó rẹ̀.” Mo bẹ̀bẹ̀ fún ènì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ara àtẹ tirẹ̀ ni ó ti bu ènì náà, kò fọwọ́ kan ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò wò mí lójú bóyá mo rí i, ó ti ń dá oníbàárà mìíràn lóhùn. Ata ọgọ́rùn-ún náírà mélòó ni ènì náà tó? Ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ló ṣe gìrì, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, bí ẹnì kan bá yá nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò ní lè sọ pé kò sí.

Ó yẹ kí n fi kún un pé gbogbo ìyàlẹ́nu kọ́ ló ń tu ọkàn lára. Ẹni tó bá gbọ́ bí àrá ti ń sán ní Ọ̀yọ́ lóṣù kẹrin, tó sì mọ ìtàn Ṣàngó, mọ̀ pé ẹ̀rù lè bá ìyanu rìn. Àwọn olùwádìí náà yà á sọ́tọ̀: èyí tí ẹ̀rù bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun kò lágbára kankan, kì í sì í fúnni ní irú ìtura tí èkejì ń fúnni. Ṣùgbọ́n ohun kan náà lè ní ojú méjèèjì. Ẹni tó wà nínú ilé nígbà tí àrá ń sán lè máa gbọ̀n, kí òun náà sì wà láàárín èrò nígbà ọdún Ṣàngó, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àjogúnbá aráyé ní 2023, kí ìlù bàtá sọ̀rọ̀, kí orí rẹ̀ sì wú pẹ̀lú ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó yí i ká.

Bí ẹnì kan bá wá bi mí pé báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti tọ́ka sí nítorí pé kò náni lówó. Virginia Sturm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà, San Francisco, gbé e jáde ní 2020. Wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà máa rìn fún ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n sọ fún apá kan nínú wọn pé kí wọ́n máa wá ohun tí yóò yà wọ́n lẹ́nu lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí àwọn yòókù ṣáà máa rìn. Ìmọrírì àti àánú ẹlòmíràn pọ̀ sí i lọ́kàn àwọn ti àkọ́kọ́. Nínú fọ́tò ara wọn tí wọ́n ń yà lójú ọ̀nà, bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rín wọn ń fẹ̀ sí i, tí àwòrán àwọn fúnra wọn sì ń kéré sí i, tí igi àti ojú ọ̀run ń gba àyè.

Ìyá mi ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì jọ máa ń rìn báyìí nígbà tí mo bá lọ kí i, lábẹ́ àwọn igi máńgòrò tó wà lójú ọ̀nà ilé rẹ̀. Òun ló ń fi nǹkan hàn mí jù. Òun ló fi hàn mí pé ewé máńgòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kì í ní àwọ̀ ewé, pupa ló máa ń jẹ́, ó sì máa ń rọ̀ dirodiro kí ó tó le. Bí ẹ bá ní àgbà nílé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e, ẹ bá a jáde láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, kí ọ̀kadà tó pọ̀ lójú títì. Ẹ jẹ́ kí òun yan ọ̀nà, ẹ má yá a lẹ́sẹ̀. Ẹ fi fóònù sápò, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó rí.