Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí oògùn làkúrègbé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí làkúrègbé ń bá fínra, ohun kan wà tó pẹ́ kí n tó mọ̀, n kò sì fẹ́ kó pẹ́ kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní ipò tí ẹ wà lónìí, mo gbà pé bí mo bá ti mọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìpalára tó lè ṣe, iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Àwọn aláìsàn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ewu ló fara pamọ́ sáàárín ohun tí dókítà kọ sínú ìwé àti ohun tí ẹni tó gbé oògùn lọ sílé gbọ́.

Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá bá mi, ó ní òun kò lè jẹun mọ́. Nígbà tó lanu, mo rí i pé egbò ti bo inú ètè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ sì ti bó. Mo bi í bóyá ó ń lo oògùn oríkèé rẹ̀ déédéé. Ó ní, "Mi ò pa á jẹ rí, dókítà." Mo yìn ín, mo sì ti ń wá oògùn egbò ẹnu tí n óò kọ fún un. Nọ́ọ̀sì àgbà tó dúró tì mí ló tẹ̀ síwájú, tó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń lò ó fún wa." Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, kò sì fo ọjọ́ kankan. Methotrexate, tó yẹ kó máa lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ló ti ń gbé mì láràárọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. "Déédéé" tí à ń tẹnu mọ́ fún un, ojoojúmọ́ ló túmọ̀ sí létí rẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, àwọn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì náà sì ti dín kù. A dá a dúró sí ilé ìwòsàn, a fún un ní folinic acid tó ń gbógun ti májèlé methotrexate, èyí tó yàtọ̀ sí folic acid tí a máa ń kọ mọ́ methotrexate, a sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Ó yè é. Àwọn mìíràn wà níbi púpọ̀ lágbàáyé tí irú àṣìṣe yìí ti pa.

Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé yín dáadáa. Methotrexate kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí folate, fítámì tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i, lò bó ṣe yẹ, nítorí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ ń fara gbá a: ti inú mùdùnmúdùn eegun, ti ẹnu àti ti ìfun. Ìdí nìyẹn tí egbò ẹnu fi lè jẹ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Kíndìnrín ló ń kó oògùn náà jáde, torí náà bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n tó tọ́ pàápàá lè di májèlé. Bí ẹlòmíràn bá sì lọ kọ trimethoprim tàbí co-trimoxazole, àwọn oògùn apakòkòrò, fún ẹni náà nítorí àkóràn ilé ìtọ̀, òun àti methotrexate lè jọ dojú ìjà kọ mùdùnmúdùn eegun lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, n kì í kọ "lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀" nìkan mọ́. Mo máa ń kọ orúkọ ọjọ́ náà gan-an, mo máa ń kọ oògùn náà ní oníhóró 2.5 mg nìkan kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti 10 mg, mo sì máa ń ní kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún mi. Bí obìnrin tó ṣì lè lóyún bá jókòó níwájú yín, ọ̀rọ̀ oyún gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé oògùn, nítorí oògùn yìí ń ba ọmọ inú jẹ́.

Oògùn kejì tí mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀wọ̀ fún ni àwọn tó wà ní ìdílé prednisolone, tí à ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Lọ́dún 1948, ní Mayo Clinic lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti sọ di aláìlèrìn ní cortisone, ọ̀kan lára ìdílé yìí, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sì dìde rìn. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e ní 1950. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìyókù rẹ̀: ojú tó wú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga, eegun tó ń fọ́ bí ẹni fọ́ èèpo ẹ̀pà, àkóràn tó ń wọlé láìsí ibà tí yóò tú u fó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó pẹ́, àwọn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín yóò ti sùn lọ, bó bá sì dá a dúró lójijì ó lè dákú, kódà ó lè kú. Ẹ sọ èyí fún wọn lójú ara wọn, ẹ má fi sílẹ̀ fún ìwé pélébé inú páálí.

Ẹ sì máa béèrè ohun tí wọ́n ń rà níbòmíràn. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àwọn ọjà Artri King tí wọ́n ń tà fún ìrora oríkèé, nítorí wọ́n bá dexamethasone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, àti diclofenac, tó jẹ́ oògùn ìrora, nínú wọn, tí a kò sì kọ ọ́ sára páálí. Ẹni tó ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń lo sítẹ́rọ́ìdì, débi tí yóò fi mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì.

Àwọn yòókù, ẹ óò rí wọn kà nínú ìwé yín, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí wọn. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn tó ń dènà TNF, èròjà inú ara tó ń mú kí oríkèé wú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń sùn lára àti fún àrùn mẹ́dọ̀wú B, torí méjèèjì lè jí. Hydroxychloroquine, tí òun náà jẹ́ oògùn làkúrègbé, kò gbọ́dọ̀ ju 5 mg lọ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n, kí ẹni tó ń lò ó sì máa lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, torí ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ má sì rò pé oògùn tuntun ló rọrùn jù: wọ́n yin oògùn ìrora rofecoxib pé kò ní da inú láàmú, àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2004 ni wọ́n kó o kúrò lórí igbá nítorí àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe nítorí ẹ̀rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, mo sì ka gbogbo ìpalára methotrexate sí i létí láti òkè délẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gba ìwé, kò sì ra oògùn. Nígbà tó fi máa padà lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ìka rẹ̀ ti wọ́, kò sì lè di bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Oògùn tí kò lò ló pa á lára, èmi ni mo sì lé e kúrò nídìí rẹ̀. Nísinsìnyí, kí n tó sọ ewu oògùn, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí àìsàn náà yóò ṣe bí a kò bá dí i lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ìkìlọ̀ mẹ́rin péré: egbò ẹnu, ibà, èémí tó ń gé, àti ẹyinjú tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Mo máa ń kọ ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kàn sẹ́yìn káàdì rẹ̀ àti nọ́ńbà tí yóò pè, mo sì máa ń ní kó pe nọ́ńbà náà kó tó dìde lórí àga, kí n lè gbọ́ pé ó dún.