Ẹ má kàn ju abo bẹ́tà sọ́dọ̀ akọ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja bẹ́tà ní Òṣogbo níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn ju abo sọ́dọ̀ akọ kẹ́ ẹ wá kọrí sọ́jà Ìgbọ́nà, ẹja tí wọ́n ti ń sìn fún ìjà ní Thailand tipẹ́tipẹ́ ni, tínú bá bí i á fa lẹbẹ abo ya, ó sì lè pa á pátápátá.

Inú ike tó mọ́ gaara ni mo máa ń fi abo sí, màá wá gbé e sáàárín omi akọ kí wọ́n máa wo ara wọn. Ẹ wá wo akọ, á máa gbé afẹ́fẹ́ sẹ́nu, á máa tu ìfófòó sójú omi títí á fi di ìtẹ́. Abo tó ti ṣe tán, ìlà á yọ lára ẹ̀ lóròó, ikùn á wú, nǹkan funfun bíi hóró iyọ̀ á yọ nísàlẹ̀ ikùn ọ̀hún. Tó bá ṣì ń sá kiri, ẹ má tú u sílẹ̀, kò tíì yá!

Ẹ fi koríko omi síbẹ̀ kó lè rí ibi sá sí. Tí wọ́n bá ti yé ẹyin tán, kíá, ẹ yọ abo, akọ ló ń tọ́jú ẹyin. Táwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn, bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ yọ bàbá náà torí ó lè jẹ wọ́n. Omi kó wà ní 26 sí 28 dígírì, ìgbà ọyẹ́ gan-an lẹ máa nílò hítà, tí wọ́n bá múná lọ, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo gíláàsì tẹ́ja wà nínú ẹ̀.