Ṣé “O” Ni Àbí “Ẹ”?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lóru.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni èmi àti ìyá mi ti ń wo eré àwọn ará Ṣáínà kan ní alaalẹ́, eré alápá 58 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017. Orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ni San Sheng San Shi Shi Li Tao Hua, èyí tí mo túmọ̀ fún ìyá mi sí “ayé mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta, àti òdòdó píìṣì tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ dé lí mẹ́wàá”. Lí mẹ́wàá tó kìlómítà márùn-ún lójú ìwọ̀n òde òní. Mo ti dá eré náà wò parí nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, nítorí náà mo di ògbufọ̀, iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí ni ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò gbọ́ eré náà yé nígbà àkọ́kọ́.

Bai Qian, tí Yang Mi ṣe, ni àbíkẹ́yìn ọba àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án ní Qingqiu. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí kì í ṣe àdábọwọ́ àwọn eléré o. Ó ti wà láti ayébáyé nínú Shan Hai Jing, ìwé tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ kó òkè, odò àti ẹranko abàmì jọ sí, Qingqiu yìí kan náà ni ìwé náà sì sọ pé ó ń gbé. Ye Hua, tí Mark Chao ṣe, jẹ́ ọmọ-ọmọ Ọba Ọ̀run, òun sì ni àrẹ̀mọ. Ẹni ọdún 140,000 ni obìnrin, ẹni ọdún 50,000 ni ọkùnrin, àwọn àgbà ilé méjèèjì sì ti fẹ́ wọn fún ara wọn. Nígbà tí mo sọ èyí, ìyá mi ní kí n dá a dúró ná.

“Èló ni obìnrin yẹn fi jù ú lọ?”

“Ọdún 90,000 ni, Màámi.”

Ó wò mí títí. “Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń fẹ́ yẹn.”

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. You ni Gẹ̀ẹ́sì ń kọ fún ọba àti ìránṣẹ́, fún arúgbó àti ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kí n tó lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní Yorùbá, mo ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ju ẹnì kan lọ nínú àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀. Mo wá rí i pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé mì wà nínú ohùn àwọn òṣèré náà gbangba, bí ènìyàn bá lè fi ojú sílẹ̀ kí ó fi etí wo eré. Nígbà tí Bai Qian bá ń pe Bai Zhen ní si ge, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kẹrin ni ó ń pè, kì í ṣe “bùrọ̀dá” lásán. Fengjiu, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kejì, ń pè é ní gugu, orúkọ tí à ń pe arábìnrin bàbá ẹni, àwọn ará Qingqiu náà sì ti gba orúkọ yìí mọ́ ọn lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì mọ akọ yàtọ̀ sí abo ṣùgbọ́n kò bìkítà ẹni tó kọ́kọ́ dáyé. Àwa ń bi ẹni tó kọ́kọ́ dáyé, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn ará Ṣáínà ń ka méjèèjì pọ̀.

Ibi tí kò gba àlàyé rárá ni orí òkè Kunlun, níbi tí Bai Qian ti múra bí ọkùnrin, tó sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mo Yuan. Òun ni ọmọṣẹ́ kẹtàdínlógún, nítorí náà Shiqi, ìyẹn Kẹtàdínlógún, ni wọ́n ń pè é, gbogbo àwọn tó bá nílé ọ̀gá sì di shixiong rẹ̀, ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, láìbèèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kọ́ aṣọ rírán nígbà èwe. Ó ní ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlá kan ni òun bá lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí òun ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, “ẹ” ni òun sì ń fi bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí òun ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ó tún sọ orúkọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ti Su Su ni ó le jù. Bai Qian kan náà ni, lẹ́yìn tí ó pàdánù agbára àti iyè rẹ̀ nígbà tó ń dé ọ̀tá kan mọ́lé. Ye Hua ni ó sọ ọ́ ní Su Su lórí òkè Junji, tí ó sì fi í ṣe aya. Lójú gbogbo ẹni tó wà lọ́run, ọmọ aráyé lásán ni, “o” ni mo sì ń fún un láìronú. Su Jin, tí òun náà ń fẹ́ Ye Hua, wá parọ́ mọ́ ọn pé ó fọ́ òun lójú, wọ́n sì yọ ojú Su Su fi dí i. Ọwọ́ Ye Hua fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ etí Ọbà ni èyí. (Ó ti pinnu láti ọjọ́ kìíní pé òrìṣà ni gbogbo wọn, n kò sì bá a jiyàn, nítorí wọ́n ń jowú, wọ́n ń jagun, wọ́n sì ń mutí.) Su Su bẹ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle Zhuxian, ó padà di Bai Qian, ó mu oògùn ìgbàgbé, ọdún 300 sì kọjá.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, “ẹ” ni mo fi sí Ye Hua lẹ́nu, nítorí àgbà òrìṣà ni obìnrin náà báyìí. Bí a ti ń bá a lọ, ó ṣàdédé pè é ní Qian Qian, ẹnu mi sì yọ̀, mo sọ pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ìyá mi gbá mi mú lójú ẹsẹ̀.

“Ìgbà wo ló di ‘o’?”

N kò rí ìdáhùn fún un. Òun ọkùnrin náà ti mọ̀ pé ìyàwó òun ni. Obìnrin náà kò mọ̀. Bí mo bá sọ “ẹ”, mo ti fi ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ pa mọ́. Bí mo bá sì sọ “o”, mo ti tú àṣírí rẹ̀ kí eré tó tú u.

Ní alẹ́ òní, fìtílà Jiepo fọ́, èyí tí Ye Hua ti fi ń ṣa èémí Su Su jọ láti ọdún 300, gbogbo rẹ̀ sì padà sí Bai Qian níyè. Nígbà tí ó lọ gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ Su Jin, ìyá mi ti dìde dúró, ó di ìró mú, kò sì bi mí ní ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, Bai Qian wọ inú ihò wọn ní Qingqiu, ó kọ̀, kò fẹ́ rí Ye Hua. Ọkùnrin náà dúró síta.

“Kí ló sọ?”

“Kò tíì sọ̀rọ̀, Màámi. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni.”

Ó jókòó padà, ó tún ìró rẹ̀ ró. “Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. ‘Ẹ’ ni kí o fi sọ ọ́ fún mi.”