Atrabilious: ìkanra tó ti inú òróòro wá

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló dá wa dúró lójú ìwé láàárọ̀ yìí: atrabilious. Ẹni tó máa ń kanra, tó ń fajúro, tí nǹkan gbogbo ń sú, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Látìn ló ti wá: atra ni dúdú, bilis ni òróòro. Òróòro dúdú!

Àwọn oníṣègùn Gíríìsì àtijọ́ gbà pé omi mẹ́rin ló wà lára èèyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú. Bí dúdú yìí bá pọ̀ jù, ìwà onítọ̀hún á korò. Ìṣègùn òde òní ò rí omi dúdú kankan, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kú.

Èyí tó wú wa lórí jù ni pé òróòro dúdú kan náà ni melancholy, láti inú èdè Gíríìkì: melas ni dúdú, khole ni òróòro. Ìbànújẹ́ ni melancholy dúró lé. Atrabilious fi ìkanra kún un.

Ẹ má fi bilious, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì tó ti inú bilis wá, rọ́pò rẹ̀ o. Ẹni tí èébì ń gbé náà lè jẹ́ bilious.